Bíréèkì Kì í Dédé Já: Ọ̀rọ̀ Lórí Píkọ́ọ̀pù Tó Ti Gbó

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọkọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí olùkọ́ ni mo ṣe wá lónìí. Mo wá bí ẹni tí bíréèkì já mọ́ lẹ́sẹ̀ rí, tí ọmọ ọlọ́mọ sì fara pa nítorí rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nígbà tí a bá ní bíréèkì ọkọ̀ kan já, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, ìgbà wo ló sì ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn mi kò gùn: bíréèkì kì í dédé já. Èyí tó já lónìí ti ń já bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, pàápàá jù lọ nínú píkọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ láyé. Ẹ fún mi láyè kí n rò ó ní ẹsẹẹsẹ.

ÈKÍNNÍ: ORÚKỌ TÍ A PÈ É

Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti ní ìjánu. Ẹnu ẹṣin ni ó wà, ọwọ́ ẹni tó gùn ún ni okùn rẹ̀ sì wà. Títí dòní, bí ènìyàn bá ń sọ ìsọkúsọ, a máa ń ní kó kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu. Nígbà tí mọ́tò dé, àwọn tó ń kọ ìwé pe ti inú rẹ̀ ní ìjánu ọkọ̀, ṣùgbọ́n ní gáréèjì àti ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, bíréèkì ló borí. N ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń tẹ̀ lé orúkọ náà ni mo bá wí.

A ní bíréèkì "já." Kí ni ó máa ń já? Okùn ní í já. Ẹ̀wọ̀n ní í já, ìlẹ̀kẹ̀ ní í já. Bí ohun kan bá já, lójijì ni: ó wà, kò sí mọ́. Nínú ọkọ̀ tí à ń wà lóde òní, àfi wáyà hàǹbíréèkì nìkan, kò sí okùn kankan láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti táyà. Epo ló wà níbẹ̀, epo inú páípù. Epo kì í já. Ó lè máa jò. Ó lè gbó. Omi lè máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo èyí ń gba oṣù, òmíràn ń gba ọdún. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò ló ti gbé oṣù àti ọdún wọ̀nyẹn pamọ́ fún wa, tó wá jọ pé ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Àwọn mìíràn ní bíréèkì "fèélì." Èyí sàn lójú mi, bí a bá rántí ibi tí a ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìwé la ti kọ́ ọ. Ọmọ tó fèélì ìdánwò, ọjọ́ ìdánwò kọ́ ló fèélì. Láti ìgbà tí kò ti ṣí ìwé ló ti fèélì. Ọjọ́ tí èsì jáde ni gbogbo ilé tó mọ̀.

Nítorí náà, ìtumọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ gbà ni èyí: bíréèkì tó já ni bíréèkì tó ti ń sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé ara òun kò yá, tí onítọ̀hún kò sì dá a lóhùn.

ÈKEJÌ: EPO, ATẸ́GÙN ÀTI IGBÓNÁ

Síríńjì méjì rèé lọ́wọ́ mi, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gún abẹ́rẹ́. Omi ló kún inú ti ọwọ́ ọ̀tún. Mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, mo wá ń tì í. Ẹ rí i pé kò lọ. Gbogbo agbára tí mo fi tì í ni àtàǹpàkò mi ń gbọ́. Nínú ti ọwọ́ òsì, mo jẹ́ kí atẹ́gùn díẹ̀ wọlé. Mo tì í. Ẹ wò ó bó ṣe ń wọlé lọ, bẹ́ẹ̀ àtàǹpàkò mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan kan lára.

Ohun tí ẹ rí yìí ni Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti là yé ayé láti ọ̀rúndún 17: epo tàbí omi tí a sé mọ́ ibì kan kì í sún pọ̀, gbogbo ipá tí a bá fi tì í ló máa ń pín dé ibi gbogbo. Ní 1917, Malcolm Loughead gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì olómi ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 1921, ọkọ̀ Duesenberg ti gbé e sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ìgbà náà ni ètò náà kò ti yí padà púpọ̀. Ẹsẹ̀ yín ti másítà, másítà ti epo, epo gba inú páípù lọ. Níwájú, ó mú kí kálípà fún páàdì mọ́ dísíìkì. Lẹ́yìn, nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ó ti súù kó fẹ̀ mọ́ ara dírọ́ọ̀mù. Wọ́n pín inú másítà sí méjì, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá bàjẹ́. Ẹ fi ti pípín yìí sọ́kàn, mo máa padà wá sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa kì í ronú dé ni igbóná. Bíréèkì kì í pa eré ọkọ̀ run, ó ń sọ ọ́ di igbóná ni. Ẹ jẹ́ ká mú píkọ́ọ̀pù kan tí òun àti ẹrù rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀, tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan péré, igbóná tó jáde tó láti mú lítà omi méjì láti tútù dé híhó. Bí ọkọ̀ kan náà bá sọ òkè tó ga ní mítà 100 kalẹ̀, tó jẹ́ bíréèkì nìkan ló fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu, igbóná náà tó lítà omi mẹ́jọ. Ẹni tó ń yọ jíà sí fíríì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n kí epo bẹntiróòlù má baà tán, gbogbo lítà mẹ́jọ yẹn ló dà sórí páàdì àti súù. Bó bá tún wá pa ẹ́ńjìnnì, háídírófáàkì tó ń bá a lọ́wọ́ sí títẹ̀ náà yóò ṣíwọ́ lẹ́yìn ìtẹ̀ kan tàbí méjì.

Kí wá ni igbóná ń ṣe sí epo? Epo bíréèkì máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ tí a gbàgbé láì dé lásìkò òjò. Epo bíréèkì tuntun tó jẹ́ irú DOT 3 kò gbọdọ̀ hó kó tó dé ìwọ̀n 205 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí omi inú rẹ̀ bá fi máa tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, òfin gbà pé ó lè hó ní 140. Bó bá hó, ooru tó bá jáde di atẹ́gùn inú síríńjì ọwọ́ òsì mi yìí. Ẹsẹ̀ á wọlé, táyà kò ní mọ̀. Epo tó hó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó ti ń mumi. Ẹ rí i pé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo tún dé: kì í dédé já.

ÈKẸTA: OHUN TÍ A BÁ LÁRA ỌKỌ̀ TÈMI

Ọdún 1997 ni wọ́n ṣe píkọ́ọ̀pù mi. Ìlú oníyìnyín ni wọ́n ti wà á, Kùtọnú ló gbà wọlé, ọdún 2010 ló sì dé ọwọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyàwó mi fi í kó gaàrí, èmi fi í kó kòkó fún àwọn ẹbí mi.

Ní oṣù Kọkànlá 2013, mo kó àpò kòkó méjìlélógún láti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, mo kọrí sí Iléṣà. Àpò kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 64. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní tọ́ọ̀nù kan àti kìlógíráàmù 400, lórí ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ kò yẹ kó ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 jókòó sórí ẹrù náà. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó já sí Ìtawúré, mo tẹ bíréèkì, ó wọlé. Mo tún un tẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan irin ìsàlẹ̀. Mo fa hàǹbíréèkì, ó gòkè wá sí mi lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo já jíà wálẹ̀ sí ṣẹ́kọ́ńdù, ẹ́ńjìnnì ké, eré náà dín díẹ̀. Mo wá fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ họ ilẹ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí wọ́n la ọ̀nà náà, títí ó fi dúró. Ọmọkùnrin yẹn ti fò bọ́ sílẹ̀ kó tó dúró. Apá ọ̀tún rẹ̀ kán níbi méjì. Títí dòní, kò lè gbé àdá kọjá èjìká.

Ọlọ́pàá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Bíréèkì ló fèélì." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára mi. Òótọ́ ni mo sọ, síbẹ̀ irọ́ ni mo pa.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ọ̀gá mẹkáníìkì kan tú bíréèkì ọkọ̀ náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Epo inú ike orí másítà dúdú bí àgbo tí a sè lásètúnsè. Ọ̀gá náà nawọ́ sí i, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ pa á pọ̀, ó fi hàn mí. Ẹrẹ̀ tínrín kan yọ́ lórí awọ ọwọ́ rẹ̀. Kọ́ọ̀pù rọ́bà inú másítà ti wú, nítorí lọ́jọ́ kan tí epo bíréèkì gbẹ lójú ọ̀nà, epo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n bá mi dà sí i, mo sì ń wò wọ́n. Ìdí nìyí tí apá kejì másítà, èyí tí wọ́n dá sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò lè dúró fún mi. Hóòsì iwájú lápá òsì ti sán bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Páàdì ibẹ̀ ti jẹ tán dé irin. Láti oṣù Kẹsàn-án ni mo ti ń gbọ́ tí irin ń họ irin, mo sì ń yí rédíò sókè. Wáyà hàǹbíréèkì ti dípẹtà mọ́ inú rọ́bà rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni páípù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Wọ́n ti fi páláyà tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n ká a lẹ́nu, kí epo má baà máa jò. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Ní oṣù Keje, sílíńdà kékeré táyà yẹn ń jò, a ò rí òmíràn rà, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ bá mi dí i ná, pé n ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò padà wá.

Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe so mọ́ra. Táyà kan ti kúrò nínú iṣẹ́, mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Nítorí náà igbóná pọ̀ jù níwájú. Nítorí igbóná, epo tó ti mumi hó. Bó ti hó, ẹsẹ̀ wọlé. Bó ti wọlé, apá kejì tó yẹ kó gbà á ti bàjẹ́. Ọjọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀: oṣù Keje, oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí mo gbàgbé lójú ọ̀nà. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sì fi ń pọ́ǹpù bíréèkì kó tó mú. Bíréèkì náà ti ké, ó ti rọ̀, ó ti ga, ó ti lọ sílẹ̀. Kò sí èdè tó mọ̀ tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

ÈKẸRIN: KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ PÍKỌ́Ọ̀PÙ?

Ẹnìkan lè ní gbogbo ọkọ̀ ló ní bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ píkọ́ọ̀pù ní ìwà méjì tí ọkọ̀ kékeré kò ní. Lónìí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, lọ́la ó ru tọ́ọ̀nù kan. Bíréèkì tó tọ́ sí ẹ̀yìn tó ṣófo kò tó fún ẹ̀yìn tó kún. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe é fi gbé fáàfù kan sí abẹ́ ẹ̀yìn púpọ̀ nínú wọn, tí ọ̀pá kékeré kan so mọ́ ásù. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ wálẹ̀, ọ̀pá náà á ṣí ọ̀nà fún epo púpọ̀ lọ sẹ́yìn. Bí ẹrù bá kúrò, á dín in kù. Mo ti rí i tí wọ́n fi wáyà so ọ̀pá yìí mọ́lẹ̀, mo ti rí i tí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù pé kò wúlò. Bí wọ́n bá so ó sí ibi tó ṣí, tí ọkọ̀ sì ṣófo lójú òjò, táyà ẹ̀yìn á dúró gan-an, ìdí ọkọ̀ á wá fẹ́ ṣáájú orí. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, mo bẹ̀ yín, bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ ohun kan lábẹ́ ọkọ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó yọ ọ́.

Ìwà kejì ni ọjọ́ orí. Ètò Àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jẹ́ ká mọ̀ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, àti pé Áfíríkà ni agbègbè tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìlú tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Iyọ̀ yẹn ń jẹ irin páípù bíréèkì láti ìta, níbi tí ọ̀dà kò jẹ́ kójú rí i. Ní Amẹ́ríkà, àjọ NHTSA tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún mélòó kan lórí píkọ́ọ̀pù àti jíìpù General Motors tí wọ́n ṣe láàárín 1999 sí 2003, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún. Ní oṣù Kẹrin 2015 wọ́n pa ìwádìí náà dé láì ní kí ilé-iṣẹ́ náà pe àwọn ọkọ̀ náà padà. Wọ́n ní ọjọ́ orí àti iyọ̀ ló fà á, pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kí àwọn onímọ́tò máa fọ abẹ́ ọkọ̀ wọn, kí wọ́n sì máa yẹ páípù wò. Ìlú tí ìwádìí ti wáyé nìyẹn. Ọkọ̀ irú àwọn ọdún wọ̀nyẹn ṣì ń wọ gáréèjì wa, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún ẹni tó rà á pé irin abẹ́ rẹ̀ lè ti fẹ́lẹ́ bí ewé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà pé tòkunbọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tuntun sí ẹnikẹ́ni. Òun náà mú ìtàn rẹ̀ dání wá.

ÈKARÙN-ÚN: ÀWỌN TÓ LÓDÌ SÍ MI

Àwọn kan á sọ fún mi pé àbùkù mìíràn ń bẹ tó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ọkọ̀ wá, tí kò sì fún ẹnikẹ́ni ní àmì. Mo gbà. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó wà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lókè òkun, lẹ́tà á dé ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀. Lẹ́tà yẹn kò lè bá ọkọ̀ dé Iléṣà. Nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ ló bá a dé: mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti òǹkà inú rẹ̀ fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1981, ọmọ yín tó ní fóònù sì lè fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA lọ́fẹ̀ẹ́, kó mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan wà tí wọn kò tíì ṣe sí i.

Àwọn mìíràn á ní ayé ni. Mi ò ní fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣeré. Ẹni tó gbà pé Ògún ló ni irin, ó yẹ kó lè bójú tó irin náà. Ẹni tó sì ń gbàdúrà kó tó gbéra, ẹ jẹ́ kó wo ike epo bíréèkì kó tó dìde lórí eékún.

Èyí tó wúwo jù ni owó. Mo mọ̀ pé ẹni tó fi ọkọ̀ jẹun kò lè dúró lójoojúmọ́ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, síbẹ̀. Owó ìgò epo bíréèkì kan kò tó owó tí à ń san fún ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí ìdí ọkọ̀. Hóòsì méjì ní ọjà Àrárọ̀mí ní Géètì, ní Ìbàdàn, kò tó owó àpò kòkó kan. Mo ta àpò méjìlélógún lọ́dún yẹn. Ilé ìwòsàn ló gba púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti òfin, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT ní 1960, ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, bíréèkì, iná àti sitiarí ni wọ́n ń wò. Nígbà tó di 1967, wọ́n ti mú un wálẹ̀ sí ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà kò ṣàìbẹ̀rẹ̀. Ní 1977, nígbà tí Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, àwọn tí a ń pè ní Máàjà-máàjà; ní 1988 ni ti ìjọba àpapọ̀ dé, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin wà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kó wo páípù, kó má parí iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìwé.

Páípù tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé. Mo ti tọ́jú rẹ̀ láti ọdún yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kí olúkúlùkù fi ìka kan ibi tí wọ́n ká lẹ́nu. Píkọ́ọ̀pù mẹ́ta ń bẹ níta tí àwọn tó ni wọ́n gbà pé ká tú lójú gbogbo yín. Jáàkì àti sípánà ti wà nílẹ̀. Táyà iwájú lápá òsì ti ọkọ̀ funfun yẹn la ó kọ́kọ́ yọ.